Ó Ń Jò Yàtọ̀ sí Ó Ń Jó: Àlàyé lórí Sílíńdà Gáàsì àti Oríkèé Rẹ̀

Gbogbo wa la mọ àpẹẹrẹ tí wọ́n fi máa ń ṣàlàyé ohùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa: igba, igbá, ìgbà, igbà. Ẹ jẹ́ kí n fi méjì mìíràn kún un lónìí. Àwọn méjì náà ni jò àti jó. Kọ́ńsónáǹtì kan náà ni wọ́n ní, fáwẹ̀lì kan náà ni wọ́n ní, ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí a bá fi ohùn ìsàlẹ̀ pè é, omi tàbí epo tàbí atẹ́gùn ló ń gba ibi tí kò yẹ jáde. Bí a bá fi ohùn òkè pè é, iná ti dé nìyẹn (ti àwọn tó ń jó lóde àríyá kò sí nínú ọ̀rọ̀ wa). Nínú ilé ìdáná tí a ti ń lo gáàsì, ohun tó wà láàárín jò àti jó lè má ju ìṣáná ẹyọ kan lọ.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni ti akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ sílíńdà, ṣé kò sí àwọn tó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ ní yunifásítì ni? Èsì mi kò gùn. Ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà àti ara páálí régúlétọ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn ìyá tó ń fi gáàsì dáná lójoojúmọ́ kì í ka Gẹ̀ẹ́sì. Mo sì ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì:

"Bọ̀ọ̀dá, gáàsì yìí ń rùn o."

"Kò sí nǹkan kan, mà. Ẹ kàn fún un le dáadáa."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìyá gbé sílíńdà rẹ̀ lọ sílé. Kò sọ ibi tó ti ń rùn, ẹni tó dá a lóhùn kò sì béèrè. Láti ọdún 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ni a ti rí i pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì kí ó sì yé e. Ní ọdún 1984, Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ jáde, a sì rí ọ̀rọ̀ tí a ó máa fi sọ̀rọ̀ nípa gírámà àti lítíréṣọ̀. Lójú tèmi, ilé ìdáná ni ó kù. N kò ní dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ nínú àròkọ yìí ṣá o. Bí àwọn ènìyàn ti ń pè é ni èmi náà yóò máa pè é: sílíńdà, fáàfù, régúlétọ̀, họ́ọ̀sì, kílíìpù, náàtì. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹni tí gáàsì rẹ̀ ń jò lè mọ oríkèé tó ti ń jò, kí ó mọ èyí tí òun lè tún ṣe, kí ó sì mọ èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Kí ni ó wà nínú sílíńdà gan-an? Própéènì àti bútéènì ni, méjèèjì jẹ́ ìyekan epo pẹtiróòlù. Ẹni tó bá mi sílíńdà tó ní gáàsì nínú yóò gbọ́ bí nǹkan olómi ti ń mì nínú rẹ̀, nítorí pé wọ́n ti há a mọ́ inú irin tí ó fi di omi. Própéènì kò nílò iná kí ó tó hó: ní dígírì 42 nísàlẹ̀ òdo ni ó ti ń hó di atẹ́gùn. Ti bútéènì kò ju nǹkan bí ìdajì dígírì nísàlẹ̀ òdo lọ. Ẹ wá ro ilẹ̀ wa tí ooru ti ń mú ní oṣù Ẹrẹ́nà. Omi inú sílíńdà kò fẹ́ ohun mìíràn ju kí ó rí ihò kan gbà jáde lọ. Bí ó bá jẹ́ própéènì pọ́ńbélé ni, agbára tí ó fi ń ti ara irin náà ní ọjọ́ tí ooru bá mú ju ìlọ́po mẹ́rin agbára afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò kékeré lọ. Bí omi náà bá sì ti jáde, ó di atẹ́gùn tí ó fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po 200. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í rọ ọ́ kún dé ẹnu. Ó yẹ kí wọ́n fi bí ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀ lófìfo kí omi náà lè rí ibi wú sí bí oòrùn bá mú. Àwọn tó máa ń bá oníṣẹ́ gáàsì jà pé kò rọ tiwọn kún dé ẹnu, ẹ jọ̀wọ́, lórí èyí ẹ fi ọkùnrin náà sílẹ̀.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé atẹ́gùn yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Própéènì wúwo tó afẹ́fẹ́ kan àti ààbọ̀, bútéènì sì tó ìlọ́po méjì. Kì í fò lọ sí àjà bí èéfín. Ilẹ̀ ni ó ń wá. Yóò wọ́ lọ sábẹ́ tábìlì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú gọ́tà, abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá kejì, yóò sì dúró síbẹ̀ bí kò bá rí ọ̀nà jáde. Kẹrosíìnì tó bá jò, ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ ẹ́, aṣọ yóò rin, ojú yóò rí i. Ti gáàsì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì ti tó bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibi tó kó ara jọ sí, iná lè mú un. Bí ó bá pọ̀ kọjá bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kò ní jó mọ́, nítorí afẹ́fẹ́ kò tó o. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí tu ara rẹ̀ nínú, torí bí ilẹ̀kùn bá ṣí pẹ́nrẹ́n, afẹ́fẹ́ yóò wọlé, yóò sì sọ ọ́ di èyí tó lè jó.

Ṣé ojú kò rí i, báwo ni imú ṣe ń gbọ́ ọ? Gáàsì fúnra rẹ̀ kò ní òórùn kankan tí a lè fi dá a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ tàbí àlùbọ́sà tó ti rà tí a ń gbọ́ yẹn, wọ́n fi sí i ni. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fi sí i ni oògùn kan tí wọ́n ń pè ní mercaptan. Ẹ̀mí ni ayé fi kọ́ ọgbọ́n náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1937, gáàsì jò sí abẹ́ ilé-ìwé kan ní ìlú New London ní ìpínlẹ̀ Texas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Gáàsì tiwọn kì í ṣe irú èyí tó wà nínú sílíńdà wa. Èyí tó ń ti inú ilẹ̀ wá, tó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ ni, ọ̀nà páìpù ni wọ́n sì gbà fà á wọ ilé-ìwé náà. Kò rùn, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó ti kún abẹ́ ilé. Olùkọ́ kan tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ha pákó, iná ta pàrà nínú ẹ̀rọ náà, ilé-ìwé sì fò sókè. Àwọn ọmọ àti olùkọ́ tó kú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300. Ní ọdún kan náà ni ìjọba Texas ṣe òfin pé kí wọ́n máa fi òórùn sí gáàsì, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Ní Amẹ́ríkà lónìí, ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé lórí irú gáàsì tiwa yìí ni pé kí imú ti gbọ́ ọ nígbà tí kò tíì ju ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó lè gbiná lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé òórùn náà kò pọ̀, ó kàn ń rùn fẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohun tó ń sọ ni pé ìkìlọ̀ náà tètè dé, kì í ṣe pé kò sí ewu.

Ẹ wá jẹ́ kí a tọ ọ̀nà tí gáàsì ń gbà láti inú sílíńdà dé orí sítóòfù. Ara irin sílíńdà kì í sábà jò, àfi èyí tó ti dógùn-ún, pàápàá nísàlẹ̀ níbi tí omi ilẹ̀ ti ń kàn án. Oríkèé ni gáàsì ń wá, bí àìsàn làkúrègbé. Ọrùn sílíńdà níbi tí wọ́n ti de fáàfù mọ́ irin ni oríkèé kìíní. Inú fáàfù fúnra rẹ̀ tún ní sípíríǹgì tàbí ohun yíyí tó ń tì í. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹnu fáàfù níbi tí régúlétọ̀ ti jókòó lé e. Níbẹ̀ ni òrùka rọ́bà kékeré kan wà, tí kò tó òrùka ìka ọwọ́, tó ń dí àlàfo àárín irin àti irin. Lẹ́yìn régúlétọ̀, ibi tí họ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́, tí kílíìpù dì mú un. Lẹ́yìn náà ni họ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ibi tí ó ti wọ sítóòfù, àti ohun tí à ń yí lára sítóòfù. Nínú gbogbo wọn, òrùka rọ́bà yẹn àti ẹnu họ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Kí ló dé tí oríkèé fi ń tú? Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ní mọ́tò ńlá tí wọ́n kọ́ bí ilé, tí ibùsùn àti ilé ìdáná wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ń rin ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Táńkì própéènì wà lára mọ́tò náà, páìpù sì ti ibẹ̀ lọ sí ibi ìdáná. Bí mọ́tò bá ti ń gbọ̀n lójú ọ̀nà ni náàtì ń dẹ̀, ni rọ́bà ń jẹ, kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu fún wọn pé kí táńkì jò ní ẹnu. Tiwa kì í gbé inú mọ́tò, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ni ó ń gùn lọ síbi tí wọ́n ti ń rọ ọ́. Wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ gbì, wọ́n á yọ régúlétọ̀, wọ́n á dá a padà, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo yíyọ àti dídápadà yẹn, ara òrùka rọ́bà ló wà. Ooru àti eruku tún ń bá a jà, títí yóò fi le gbagidi, tí yóò là, tàbí tí yóò tẹ́ pẹrẹsẹ tí kò ní lè kún àlàfo mọ́.

Bí imú bá gbọ́ òórùn náà, àtúnṣe kọ́ ni ohun àkọ́kọ́. Kí a pa iná tó bá ń jó lórí sítóòfù tàbí níbikíbi, kí a pa fáàfù tàbí régúlétọ̀, kí a ṣí ilẹ̀kùn. Mo ní ilẹ̀kùn, kì í ṣe fèrèsé nìkan, nítorí ilẹ̀ ni ohun tí à ń lé jáde wà. Kí àwọn ọmọ jáde. Kí ẹnikẹ́ni má tan iná mànàmáná, kí ó má sì pa èyí tó ti wà ní títàn, nítorí títàn àti pípa ni iná fi ń ta pàrà nínú bọ́tìnnì. Fáànù náà wà nínú èyí. Abẹ̀bẹ̀ tí a fi awọ tàbí ọparun ṣe sàn jù ú lọ ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Fíríìjì tún wà ńlẹ̀ o, òun ni ó bà mí lẹ́rù jù, nítorí kì í dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó tan ara rẹ̀. Iná lè ti lọ láti àárọ̀, kí gáàsì ti máa jò sílẹ̀ ní ilé ìdáná ní gbogbo ìgbà náà. Iná dé, àwọn ọmọdé pariwo "Up NEPA" (ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ti parẹ́ láti ọdún 2005, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún wọn?), fíríìjì sì ta kì, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sí ẹni tó ṣá ìṣáná. Ẹni tí ilé ìdáná rẹ̀ bá fẹ̀, kí ó jẹ́ kí sílíńdà àti fíríìjì jìnnà síra, èyí tó sì dára jù ni kí sílíńdà wà níta, lábẹ́ ìbòrí tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí họ́ọ̀sì tàbí páìpù gba ara ògiri wọlé. Bí òórùn náà bá pọ̀, tí a kò sì lè dé ìdí fáàfù, kí a sá jáde ká tó fi fóònù pe 112.

Nígbà tí òórùn bá ti lọ tán, kí a gbé sílíńdà síta ní òòró, kí a wá wá ibi tó ti ń jò. Àwọn kan wà tó ń fi ìṣáná wá a. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ pé ó kéré ni, iná kékeré ni yóò yọ, a ó sì fẹ́ ẹ pa. Ẹni tó ṣe é tí kò rí nǹkan kan kò mọ ọ̀nà kankan, ọjọ́ kò pé ni. Omi ọṣẹ ni ohun tó tọ́. Kí a da ọṣẹ ìfọṣọ tàbí ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ sínú omi, kí a rò ó títí yóò fi hó. Kí ó má jẹ́ omi oògùn tí à ń fi sọ aṣọ di funfun, nítorí ó máa ń jẹ irin. Kí a pa gbogbo ojú sítóòfù, kí a wá ṣí fáàfù, kí gáàsì lè kún họ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà kí a fi kànrìnkàn tó rọ̀ tàbí búrọ́ọ̀ṣì kékeré pa omi ọṣẹ náà sí oríkèé kọ̀ọ̀kan láti ọrùn sílíńdà lọ, kí a sì dúró. Ìdúró yìí ni ọ̀pọ̀ kì í ní sùúrù fún. Ibi tó bá ń jò púpọ̀ yóò hó yọ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń jò díẹ̀díẹ̀, ó lè tó ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó rí i tí ọṣẹ ń wú róbótó bí itọ́ ọmọ ọwọ́.

Bí ọṣẹ bá hó láàárín fáàfù àti régúlétọ̀, kí a pa á, kí a yọ régúlétọ̀, kí a tún da omi ọṣẹ sí ẹnu fáàfù tó ṣí sílẹ̀. Ìdánwò kejì yìí ló ń sọ ẹni tó jẹ̀bi. Bí kò bá hó mọ́, fáàfù kò ní àrùn, òrùka rọ́bà ni. Bí ó bá sì ń hó lọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí régúlétọ̀ ti kúrò, sípíríǹgì tàbí ohun tó ń tì fáàfù nínú ni kò ṣiṣẹ́ mọ́, a kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìyẹn nílé.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti òrùka rọ́bà. Bóyá ẹnu fáàfù ni ó wà tàbí ẹnu régúlétọ̀, ìyẹn dúró lórí irú èyí tí a ní. Kí a fi igi ìtayín yọ ọ́, kí ó má jẹ́ ìṣó tàbí ọ̀bẹ, nítorí idẹ ni ibi tó jókòó sí, idẹ kò le, bí a bá fi irin ha á, ojú ọgbẹ́ náà ni gáàsì yóò máa gbà jáde bí a tilẹ̀ fi rọ́bà tuntun sí i. Kí a fi aṣọ mímọ́ nu ibẹ̀. Kí a mú ti àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ohun èlò gáàsì, kí ó fún wa ní ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an, irú tí wọ́n ṣe fún gáàsì. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àwọn kan máa ń gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, àwọn mìíràn a fi ti ẹ̀rọ omi sí i. Ẹ rántí pé mo ti sọ pé ìyekan pẹtiróòlù ni gáàsì yìí. Ohun tí pẹtiróòlù ń ṣe sí rọ́bà lásán náà ni yóò ṣe sí i: yóò mu ún, yóò wú u, yóò sọ ọ́ di jẹ́lẹ́jẹ́lẹ́. Yóò dí ihò náà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọkàn yóò sì balẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀.

"Ẹ kàn fún un le" tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí n padà sí i, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ní ẹjọ́ púpọ̀ jù. Bí òrùka rọ́bà bá ti là, kò sí fífún tó lè mú un jinná. Fífún yóò tún tẹ̀ ẹ́ pa ni. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, lára àwọn ohun èlò gáàsì tó ń jó, àwọn náàtì kan wà tí kì í yí bí ti gbogbo ayé. Òsì ni a ń yí wọn sí kí wọ́n tó le, ọ̀tún ni a ń yí wọn sí kí wọ́n tó dẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì de ohun èlò atẹ́gùn mìíràn mọ́ ọn. Bí ẹ bá wo igun náàtì bẹ́ẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ibi tí wọ́n gé wọlé díẹ̀ yí i ká. Àmì rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá wá sọ fún pé kí ó fún un le, tí ó sì mú sípánà, tí ó yí i sí ọ̀tún bí ó ti ń yí ti kẹ̀kẹ́, ó ń tú u ni, gbogbo agbára rẹ̀ ni ó sì fi ń tú u.

Tépù funfun tí àwọn oníṣẹ́ páìpù omi ń lò, òun náà ní ibi tirẹ̀. Ojú ẹyín páìpù tó ń tín-ín-rín lọ síwájú, tó ń fi ẹyín dí ara rẹ̀, ni ó wà fún, ti gáàsì tilẹ̀ nípọn ju ti omi lọ. Níbi tí rọ́bà ti ń dí ihò, tàbí tí ojú irin méjì tó dán ti ń kan ara wọn, tépù kò ní í jẹ́ kí wọ́n jókòó dáadáa. Àwọn mìíràn a máa fi ọṣẹ líle dí i, bí mẹkáníìkì ti ń fi ọṣẹ dí táńkì pẹtiróòlù tó lu. Ọṣẹ wà fún wíwá ibi tó ń jò, kì í ṣe fún dídí i.

Ti họ́ọ̀sì kò le. Bí ó bá ń jò ní ẹnu, tí ibẹ̀ nìkan ló sì ti là, tí ìyókù ṣì rọ̀ tí kò sì gbó, kí a gé ibi tó là kúrò, kí a tì í wọlé dé ìdí, kí a fi kílíìpù tó ń lo ìdè yíyí dè é, kí ó má jẹ́ wáyà. Bí ó bá là káàkiri, tàbí tó le nígbà tí a bá ká a, kí a ra òmíràn. A kì í so họ́ọ̀sì méjì pọ̀, a kì í sì fi ọ̀já rọ́bà dì í.

Nísinsìnyí, oríkèé méjì tí kì í ṣe tiwa. Bí ọṣẹ bá hó ní ọrùn sílíńdà níbi tí fáàfù ti wọ irin, tàbí tí fáàfù ń jò lẹ́yìn tí régúlétọ̀ ti kúrò, kí a fi sípánà sílẹ̀. Gbogbo agbára tó wà nínú irin náà ló ń ti fáàfù yẹn láti ìsàlẹ̀. Bí ẹyín rẹ̀ bá já lọ́wọ́ wa, kò sí ohun tí a ó fi dí i. Omi inú rẹ̀ tó bá sì tú síni lára, òtútù rẹ̀ ń bó awọ bí iná ti ń bó o. Kí a jẹ́ kí ó dúró ní òòró ní gbangba, jìnnà sí iná, gọ́tà àti kànga, kí a pe àwọn tó ń rọ gáàsì pé kí wọ́n wá wò ó. Kí a má gbé e sínú búùtù mọ́tò tí a tì pa. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ohun tó kù nínú rẹ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ fáàfù. Bí wọ́n bá sì sọ pé sílíńdà náà ti gbó, ẹ wo ara irin náà lókè. Wọ́n máa ń tẹ ọdún tí wọ́n ṣe é àti bí ó ti wúwo lófìfo sí i lára. Mo mọ̀ pé owó sílíńdà tuntun ń dun ni, pàápàá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kíkun irin tó ti dógùn-ún ní ọ̀dà tuntun, bí àwọn kan ti ń ṣe kí wọ́n tó tà á fún ẹni tí kò mọ̀, ìwà ìkà ni.

Ó ku àṣà kan tí mo ń rí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí gáàsì bá ń tán lọ, wọn a dá sílíńdà dùbúlẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e sínú omi gbígbóná, kí ìwọ̀nba tó kù lè jáde. Bí sílíńdà bá dùbúlẹ̀, omi ni ó ń wọ ẹnu fáàfù dípò atẹ́gùn. Atẹ́gùn ni wọ́n ṣe régúlétọ̀ fún. Bí omi náà bá gba inú rẹ̀ kọjá tó di atẹ́gùn lórí sítóòfù, ọwọ́ iná yóò ga dé àjà. Ẹ̀kọ kan tí a ò bá sè kò tó ìyẹn.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí a tún fi omi ọṣẹ wò ó lójú ẹsẹ̀, kí a sì tún un wò lẹ́yìn tí a bá ti fi dáná tán, nítorí rọ́bà tuntun máa ń jókòó díẹ̀ sí i. Mo mọ ibi kan tí wọ́n ti ń rọ gáàsì tí wọ́n gbé garawa omi ọṣẹ sí ẹ̀gbẹ́ òṣùwọ̀n, tí wọn kì í jẹ́ kí sílíńdà kankan jáde láìjẹ́ pé wọ́n pa á lẹ́nu. Kò gba ìṣẹ́jú méjì, n kò sì mọ ìdí tí gbogbo wọn kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Títí wọn yóò fi máa ṣe é, ẹni tó gbé sílíńdà lọ lè mú ẹnu tirẹ̀ dání. Dípò "gáàsì yìí ń rùn", kí ó sọ pé, "Ó ń jò láàárín fáàfù àti régúlétọ̀, bí mo bá yọ régúlétọ̀, kì í jò mọ́." Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò nawọ́ mú òrùka rọ́bà láìbéèrè ohunkóhun mọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé, "Mo yọ régúlétọ̀, ó ṣì ń jò" ni, kò ní rọ ọ́ rárá. Yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.